Èémí Ẹranko Àbàtà

Tí wọ́n bá ní kí n jókòó ka gbogbo ohun tó kó mi nírìíra nínú géèmù yẹn, oòrùn á yọ, oòrùn á wọ̀, mi ò ní tíì dé ìdajì. Iṣẹ́ mi ni. Wọ́n gbà mí pé kí n máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí n máa gbá géèmù tí aráyé ò tíì rí, kí n sì máa sọ gbogbo ibi tó ti wọ́. Ìyá Àléébù ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Orúkọ náà ò dùn mí, torí tí àléébù ò bá sí, èmi náà ò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Yàrá méjì péré ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún, lókè ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ fún ará àdúgbò. Láti ìsàlẹ̀ ni òórùn ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù ti máa ń gòkè wá bá wa, tó fi jẹ́ pé gbogbo wa ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí à ń ṣe lókè níbẹ̀ ò mọ́ rárá. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń ya àwòrán, àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe orin àti ìró, àti èmi. Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ lorúkọ tí a fún ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí àléébù tí mo lè gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní wò fírí, kó fọwọ́ họ irùngbọ̀n, kó ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Géèmù olówó pọ́ọ́kú ni, ti àwọn oṣó àti akọni. Ìwọ tó ń gbá a lo máa yan ẹni tó o fẹ́ jẹ́, jagunjagun ni o, oṣó ni o, tàbí olè, wàá wá máa rìn láti abúlé dé abúlé títí wàá fi dé ààfin tó wà lórí òkè. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń kó èèyàn rẹpẹtẹ jọ kí wọ́n tó dáwọ́ lé irú ẹ̀. Ní tiwa, èèyàn mẹ́rin àti ojú líle la kó jọ. Ojú mẹ́ta ló wà ní gbogbo ayé náà. Ojú tí alágbẹ̀dẹ ní nìyàwó rẹ̀ ní, irùngbọ̀n nìkan la fi ń dá wọn mọ̀. Ọba ò jókòó sórí àga, òkè afẹ́fẹ́ ló wà, bí ẹni tí àga ń gbóná mọ́ nídìí. Ẹṣin ń gun ògiri bí aláǹgbá. Obìnrin tó ń ro ọbẹ̀ ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Tó o bá fi idà gé ọ̀tá, idà á gba ara rẹ̀ kọjá láìṣe é ní nǹkan kan, ìgbà tó o bá ti kẹ̀yìn sí i ló máa tó rántí pé ó yẹ kí òun ṣubú. Gbogbo ẹni tó o bá sì kí lójú ọ̀nà, eku ló ń dà á láàmú ní àjà, ìwọ ni kó o wá bá a pa á. Akọni tó fẹ́ gba ayé là, iṣẹ́ ológbò ni wọ́n ń fún un ṣe.

Ṣùgbọ́n n kì í purọ́ mọ́ nǹkan. Ohun tó dáa níbẹ̀ dáa. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ ọ lójú. Tó bá wù ọ́, o lè kọ̀yìn sí ààfin láti ìbẹ̀rẹ̀ kó o gba etí omi lọ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Bàbá olọ́kọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tó máa ń rántí irọ́ tó o bá pa fún un, ọjọ́ tó o bá padà dé lá bi ọ́ léèrè rẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn ju ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ lọ. Òjò inú rẹ̀ náà dáa. Ìró rẹ̀ lórí páànù yàtọ̀ sí ti orí koríko, ti orí koríko yàtọ̀ sí ti orí omi, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe, tó ń sá sínú òjò tòun ti agbóhùnsílẹ̀ lábẹ́ agbòjò. Mo máa ń fi í yangàn fún Bàbá wa nílé. Mo máa ń ní ọmọ yẹn ń gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíì ò gbọ́.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí nǹkan kan ò bá tíì sí, a máa ń fi nǹkan mìíràn dí àyè rẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró. Adelé la ń pè é. Igi ńlá kan wà lẹ́nu ibodè tó jẹ́ pé àga ọ́fíìsì la fi dí àyè rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹyẹ á sì fò wá bà lé e. Nígbà kan rí, tí oṣó bá ju iná, àbúrò mi lẹ máa gbọ́ tó ń sín. Iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé gbogbo adelé ti kúrò nílẹ̀ kí géèmù tó jáde.

Apá tó jẹ́ àbàtà nínú géèmù náà ni wọ́n gbé fún mi kẹ́yìn. Ọ̀gá ní kí n fara balẹ̀ wò ó, pé òun ò rò pé màá rí àléébù kankan sọ níbẹ̀. Mo gbé íápíìsì ńlá bo etí, mo mú jagunjagun mi wọ inú ìkùukùu. Ẹranko tí akọni gbọ́dọ̀ pa níbẹ̀ burẹ́wà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dà bí àpò aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n rán eyín mọ́. Àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó fà á sínú, ó há, nǹkan súfèé fínfín nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀, ó dúró bí ẹni tí kò ní mí mọ́, ó wá tú u jáde pẹ̀lú ìró àga tí wọ́n ń wọ́ lórí símẹ́ńtì. Orí mi wú. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé àwọn ọmọ yìí ti rí nǹkan gidi ṣe lónìí. Ìgbà náà ni ẹranko náà wúkọ́, tí ikọ́ náà fi í sílẹ̀, tí ohùn kan sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ó dáa."

Bàbá mi ni.

Iṣẹ́ kíkun mọ́tò ni Bàbá fi tọ́ wa. Ọ̀dà ló ń fín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, láìbo imú, láìbo ẹnu, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti di nǹkan mìíràn. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi, mo sì mọ èémí yẹn ju bí mo ṣe mọ orin kankan lọ. Mo mọ ibi tó ti ń há. Mo mọ̀ pé tí ikọ́ bá ti gbé e ṣubú tó sì tún gbé e dìde, á ní ó dáa, bí ẹni ń pẹ̀tù sí ara rẹ̀ lọ́kàn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun ń sọ ọ́. Mo wá ń gbọ́ ọ lẹ́nu àpò aṣọ ìdọ̀tí, nínú ẹrẹ̀, ó ṣe mí bí ẹni tó mu omi tán tó wá rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ife. Mo bọ́ íápíìsì sílẹ̀.

Àbúrò mi wà nínú kọ́lọ́fín tó ti ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n fi fóòmù àtijọ́ tẹ́ ògiri rẹ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo bi í ohun tí Bàbá ń ṣe nínú àbàtà, ó sì mọ ohun tí mò ń sọ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ó ní ọjọ́ kan tí mo ní kó wá bá mi jókòó ti Bàbá ni. Bàbá sùn lọ, òun gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní òun kàn fẹ́ fi dí àyè ni.

"Adelé ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ yọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Kí ló wá dé tó o ò yọ ọ́?"

Ó wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. "Gbogbo èyí tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tó dáa tó ti Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára ju fífi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí aláìsàn lọ. Ó ti jókòó gbé èémí baba rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Ó ní nígbà tí ọ̀gá gbọ́ ọ, ó dìde dúró. Ó ní gbogbo àwọn tí a pè wá tọ́ géèmù wò ló ń sọ ohun kan náà, pé òkú géèmù ni, àyàfi ẹranko yẹn. Ẹ̀rù ba àbúrò mi láti sọ pé àṣìṣe ni, ó wá panu mọ́, ìyìn sì ń dun mọ́ ọn.

Ohun tó mú un le ni Sátidé. Sátidé yẹn la fẹ́ ṣí géèmù han àwọn èèyàn nínú gbọ̀ngàn kan, a sì ti pe Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti jáde kẹ́yìn. Ó ti ní kí n gbé kóòtù òun lọ sí ibi ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́ wa, ó sì ti sọ fún gbogbo ará ilé, títí kan ọkùnrin tó ń ka mítà iná, pé àwọn ọmọ òun méjèèjì ló jọ dá ayé kan sílẹ̀, òjò inú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí òjò Ọlọ́run. Mo sọ fún àbúrò mi pé ohun yòówù kó ṣe, Bàbá ò gbọ́dọ̀ jókòó sí gbangba kó máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹranko. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo lọ bá Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ẹni tó ni èémí náà fún un, ó gbójú sílẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rò pé ojú ló tì í. Ìṣirò ló ń ṣe. Ó bi mí bóyá Bàbá mọ̀, mo ní rárá. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bíi dókítà.

"Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó mọ bí òun ṣe ń mí. Tí ẹ ò bá sọ fún wọn, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀?"

Mo ní kó gbọ́ mi dáadáa. Tí ìró yẹn bá wà níbẹ̀ ní Sátidé, èmi ni màá dìde sọ ọ́ létí gbogbo èrò, màá sì ka ti eku àti ti ọba orí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ó họ irùngbọ̀n. Ó ní ó ti yé òun, kí àbúrò mi lọ wá òmíràn ṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni bá gba ẹnu ọ̀nà kọ́lọ́fín àbúrò mi kọjá á rò pé wọ́n ń lù ú ni. Ó mí sínú korobá. Ó mí gba inú rọ́bà omi. Ó fi aṣọ tútù bo gbohùngbohùn, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Ó tilẹ̀ lọ yá àpò ńlá lọ́wọ́ àwọn afọṣọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa tú jáde. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Òmíì dà bí ajá tó ń pòǹgbẹ, òmíì dà bí ìgbà tí wọ́n ń fọn táyà kẹ̀kẹ́. Ní Fúráìdé, ó mú èyí tó fi rọ́bà ṣe wá, kò dáa, kò dẹ́rù ba ọmọ ọwọ́ pàápàá. Èmi Ìyá Àléébù, tí mi ò fọwọ́ sí ohun tó wọ́ rí, mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Mo fojú ara mi rí i bó ṣe fi í rọ́pò tàkọ́kọ́. Inú mi dùn lọ sílé, mo sì fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù Bàbá.

Gbọ̀ngàn náà kún ju bí mo ṣe rò lọ. Mo mú Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítòsí iwájú, kóòtù náà ti fẹ̀ jù fún un, ó ṣe bí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀gá dúró síwájú, ó ń gbá géèmù, àwòrán ń hàn lára ògiri funfun. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Bàbá di ọwọ́ mi mú, ó wo òkè àjà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò. Bàbá olọ́kọ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọmi. Ẹṣin gun ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe irú ẹ̀rín tí à ń fẹ́. Wọ́n rí ọba lórí afẹ́fẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń yọ fóònù. Mo rí òógùn lórí Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀. Ó fi ọba sílẹ̀ láìparí ọ̀rọ̀, ó kọjá sí àbàtà.

Èémí àkọ́kọ́ tó jáde nínú sípíkà, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ti rọ́bà.

Mo wo àbúrò mi. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìró, ó doríkodò, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá yà lẹ́nu máa ń gbórí sókè. Wọ́n ti jọ dá tàkọ́kọ́ padà láàárọ̀ yẹn, òun àti ọ̀gá, ó sì jẹ́ kí n mú Bàbá wá. Mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ pariwo bí mo ṣe lérí, ṣùgbọ́n Bàbá ṣì di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ náà ti tutù. Èémí náà kún gbogbo ilé, ó ń há, ó ń súfèé. Àwọn tó yọ fóònù ti gbé e sílẹ̀. Obìnrin kan níwájú wa fi ọwọ́ bo ẹnu. Ikọ́ náà dé, ó lọ, ohùn Bàbá mi sì jáde láti ara ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ó dáa.

Ọ̀gá dá géèmù dúró níbẹ̀, ẹranko náà ya ẹnu lójú àwòrán, kó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Èémí náà ò dúró. Ó ń bá a lọ láàárín àwọn àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fà á sínú, ó há, ó súfèé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n ń wá ibi tó ti ń jáde, wọ́n wá a títí ojú wọn fi dé orí bàbá arúgbó tó wọ kóòtù.

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ayọ̀, ó sì pàtẹ́wọ́. Ó rò pé a gbé e wá fún àpéwò ni. Ìyókù bá a pàtẹ́wọ́, ariwo ta. Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ wò wá, mo rí i tó ń ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Bàbá bí ẹni tó ti gbèrò rẹ̀ tipẹ́. "Ẹ kí bàbá wa o," ó ní. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kí tí kì í dáhùn. Ó di àga iwájú rẹ̀ mú, ó gbé ara sókè díẹ̀, ó tẹrí ba fún wọn.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nínú takisí nígbà tí Bàbá bi mí.

"Èmi ni, àbí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó ronú sí i. "Ẹranko yẹn, kí ló ṣe fún wọn tí wọ́n fi ń pa á?"

Mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ géèmù yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ ìdí kankan sílẹ̀ fún un. Mo ní, "Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ojú ọ̀nà ló wà." Ó mi orí, ó yíjú sí fèrèsé.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Géèmù jáde, ó sì tà. Ohun tí gbogbo àwọn tó rà á ń kọ kiri kò yàtọ̀: ó rí wúruwùru, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ gbọ́ ẹranko inú àbàtà. Mo ka díẹ̀, mo pa á dé.

Sọ́ńdè kan, àbúrò mi gbé èso wá kí Bàbá. Mi ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọmọ bàbá ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń wá òun, pé wọ́n ní kò sí irú òun nídìí ìró. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹnu rẹ̀ pa dé, kò dáhùn. Àbúrò mi rò pé ìbínú ni. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kí Bàbá bú òun, kí Bàbá na òun, kó ṣáà bá òun sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n, ara sọ fún mi pé nǹkan kan kù nínú yàrá yẹn tó yẹ kí n máa gbọ́. Mo wo àyà Bàbá. Kò lọ sókè, kò lọ sódò. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí pé bó ṣe ń di èémí rẹ̀ mú nìyẹn láti Sátidé tí a lọ sí gbọ̀ngàn, tí aládùúgbò bá kanlẹ̀kùn, tí ọkùnrin mítà bá wọlé.

Mo ní kí àbúrò mi dìde, kó tètè máa lọ, kí bàbá wa lè mí.